Ikọ́ tó ń bá Ìyá Bọ̀lá sáré ní Abẹ́òkúta

Aláró ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ẹni ọdún 41 ni, ọlọ́mọ mẹ́ta. Àdìrẹ ló ń ṣe nílé tó sì ń tà ní Ìtokú. Màá máa pè é ní Ìyá Bọ̀lá. Orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ó ní kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí n má jẹ̀ẹ́ kí ọjà mọ̀. Èmi kì í ṣe dókítà. Tíṣà eré ìdárayá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì máa ń kó èèyàn mọ́kànlá jọ láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta, a jọ ń sáré. Ìwé kékeré kan wà lápò mi tí mo ń kọ ọjọ́, aago, ọ̀nà tí a gbà àti bí àyà oníkálùkù ṣe ń lù sí. Inú rẹ̀ ni mo ti fa èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí yọ.

Ìparí oṣù kẹsàn-án ló wá bá wa. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ fún un pé kó dín iyọ̀ kù, kó máa rìn, bó bá sì lè sáré, kó sáré. Pánṣẹ́kẹ́ la ti ń pàdé ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A ó gba ẹ̀gbẹ́ títì lọ sí ọ̀nà Òkè-Ìlẹ́wọ̀, a ó sì padà, ogójì ìṣẹ́jú lápapọ̀. Ẹni tó bá ń béèrè ìdí tí a fi yan títì ńlá kò tíì kó obìnrin jáde láàárọ̀ kùtù rí. Iná wà níbẹ̀, èèyàn wà níbẹ̀, bí ajá tàbí ènìyànkénìyàn bá yọ lójijì, ẹnìkan á gbọ́ igbe.

Oṣù kẹwàá lọ dáadáa. Òjò ṣì ń rọ̀. Ó ti kúrò lórí ìrìn, ó bọ́ sórí eré díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí oṣù fi máa parí, ó ń sáré ogún ìṣẹ́jú láìdúró, àyà rẹ̀ sì ń lù ní nǹkan bíi 128 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ti ń fi àwọn ọkùnrin àárín wa ṣe yẹ̀yẹ́.

Òjò dáwọ́ dúró. Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní àárín oṣù kọkànlá, a sáré dé ibi tí a ti ń dúró, ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ikọ́ gbígbẹ ni, kò mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá. Mo ní ṣé kò sí. Ó ní, “Kóòṣì, ẹ má bínú, ó dà bíi pé ẹnìkan fi ọ̀já dì mí láyà.” Mo ka bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù: 146, bẹ́ẹ̀ eré tí a sá kò yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì rò pé òtútù lásán ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan wà tí mo kọ sílẹ̀ láìmọ̀ pé ó ní ìtumọ̀: nígbà tó bá ń sáré lọ́wọ́, kì í húkọ́ púpọ̀. Bó bá dúró tán ni. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ni ikọ́ náà máa ń le jù, tó bá sì fi máa di wákàtí kan, ó ti lọ. Ó ń sọ pé ẹnu òun máa ń rí bíi pé òun lá irin.

Nílé, wọ́n ti dájọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá àgbà tó ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé tí òun náà sì ní ikọ́ àgbà tirẹ̀, ní èèyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ni ń lé e. Kí ló ń lé ìyàwó òun jáde kí àwọn àlùfáà tó pe ìrun tán? Ilé ìwòsàn kékeré kan tó lọ fún un ní oògùn ibà, oògùn ikọ́ oníṣúgà àti àwọn kápúsù kan, wọ́n sì ní kó jáwọ́ nínú eré. Ó jáwọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé, ikọ́ ti lọ. Gbogbo ilé ní, “Ṣé ẹ ti rí i?”

Èmi kò gbà. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn eré ju ẹ̀mí ọmọlọ́mọ lọ. Ọgbọ́n tí wọ́n fi dá ẹjọ́ náà ni kò tọ́ lójú mi. Nígbà tó dúró sílé, nǹkan méjì ló fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ó fi eré sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ títì sílẹ̀. Ta ló mọ èyí tó ń fa ikọ́ náà nínú méjèèjì? Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tún ti ń gun òkè padà.

Mo kọ àwọn afurasí sílẹ̀. Eré fúnra rẹ̀. Ọyẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ tútù tó gbẹ máa ń gbẹ omi inú ọ̀nà ọ̀fun, ó sì lè jẹ́ kí àyà ẹlòmíràn fún. Títì. Ẹ̀kẹrin ni mo lọ́ tìkọ̀ láti sọ fún un, nítorí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni: aró. Aró òde òní kì í ṣe ewé ẹ̀lú àti eérú nìkan mọ́. Kẹ́míkà bíi kọ́síìkì sódà àti hydrosulphite ni wọ́n ń pò pọ̀ mọ́ ọn, ẹni tó bá sì ti dúró ti ìkòkò aró rí mọ òórùn tó máa ń gún imú bí iṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá. Òórùn yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tó ti di nọ́ọ̀sì yá mi ní ohun èlò tí wọ́n ń pè ní peak flow. Ọ̀pá oníke kékeré ni, ó ní nọ́mbà lára àti àmì pupa tó ń yọ̀. Èèyàn á fa èémí sínú dé ìsàlẹ̀ ikùn, á fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú gbogbo agbára, àmì á sún dé ibi tí agbára èémí rẹ̀ mọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ń fẹ́ ẹ, èyí tó ga jù la ó mú. Bí ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú àyà bá fún, nọ́mbà á já wálẹ̀.

Mo bẹ Ìyá Bọ̀lá pé kó sáré ọjọ́ díẹ̀ péré fún mi, kó má sáré kíkankíkan, kí ọkọ rẹ̀ sì wà pẹ̀lú ọ̀kadà nítòsí. Ó gbà. Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù kejìlá, a gba ọ̀nà wa àtijọ́. Kí a tó bẹ̀rẹ̀: 390. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí a dúró: 320. Ìdínkù tó tó 18 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, ikọ́ sì wà níbẹ̀. Ní Àbámẹ́ta, mo kó wọn lọ sí àwọn òpópónà inú jíáréè Ìbàrà, níbi tí igi wà tí ọkọ̀ kò sì pọ̀. Aago kan náà, ọyẹ́ kan náà, eré kan náà, ogójì ìṣẹ́jú. 390 kí a tó bẹ̀rẹ̀, 375 lẹ́yìn rẹ̀. Kò húkọ́. Mo mú ańkáṣíìfù funfun dání lọ́jọ́ méjèèjì, mo ní kó fi nu imú àti ojú. Ti ẹ̀gbẹ́ títì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ti Ìbàrà pọ́n díẹ̀, eruku ọyẹ́ lásán.

A tún ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì jọra. Ọyẹ́ wà ní ibi méjèèjì, eré wà ní ibi méjèèjì. Títì nìkan ni kò sí ní Ìbàrà.

Ojú ti àwọn tó rò pé eré ló ń pa á, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ ìdí rẹ̀ dáadáa, mo sì jókòó ti ìwé. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí nǹkan bíi lítà 6 sí 8 afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ mú kéègì lítà 25 tó wà nílé yín wò: ó máa ń tó ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó mí ẹ̀kún rẹ̀ kan. Ẹni tó ń sáré bíi ti Ìyá Bọ̀lá lè mí nǹkan bíi kéègì méjì ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Nínú ogójì ìṣẹ́jú, kéègì 80 ni. Obìnrin tó jókòó ti igbá àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kan náà, nínú ogójì ìṣẹ́jú kan náà, kò mí ju bíi 11 lọ. Afẹ́fẹ́ kan náà ni. Ìwọ̀n tó ń wọlé ni kò dọ́gba.

Ọ̀nà tó ń gbà wọlé náà yí padà. Imú ni ajọ̀ tí Ọlọ́run fún wa. Irun inú rẹ̀ àti ikun máa ń gba eruku dúró, ó máa ń mú afẹ́fẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó máa ń fi omi sí i. Ṣùgbọ́n bí èémí bá ti ń tó nǹkan bíi lítà 35 sí 40 ní ìṣẹ́jú kan, imú kì í tó mọ́. Ẹnu á là. Ẹnu kò ní ajọ̀.

Èéfín inú ẹ́ńjìnnì, pàápàá ti dísẹ́ẹ̀lì, kò tilẹ̀ nílò kí ajọ̀ ya kó tó kọjá. Ẹ̀rún rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní PM2.5, bí a bá to ọgbọ̀n wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn kò ju ìbú irun orí kan ṣoṣo lọ. Ó ń bá èémí lọ títí dé àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró, tí iye wọn lé ní mílíọ̀nù 300, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ìwọ̀n rẹ̀ má ṣe ju máíkírógíráàmù 15 lọ ní ọjọ́ kan nínú àpótí afẹ́fẹ́ tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. Èmi kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìyẹn. Ańkáṣíìfù ni mo ní. Káàbọ́n mónọ́kísáìdì, afẹ́fẹ́ aláìlóòórùn tó ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀, wà nínú èéfín ọkọ̀ náà, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ rere, ìyẹn ọ́síjìn, lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. N kò lè sọ iye tó wọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó bá gbé e kò ní gbé afẹ́fẹ́ rere mọ́ fún wákàtí mélòó kan.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ aago. Gbogbo wa la gbà pé afẹ́fẹ́ àárọ̀ kùtù ló mọ́ jù. Èmi náà ti kọ́ ọmọ ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà òjò, ó lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí òjò ń fọ ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, kò sí ìkùukùu tó bo òru, ilẹ̀ á tutù kíákíá, afẹ́fẹ́ tútù tó wúwo á sùn sílẹ̀, èyí tó gbóná díẹ̀ á dé e mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Èéfín jẹnẹrétọ̀ alẹ́, ti igi ìdáná, ti ààtàn tí wọ́n tiná bọ̀, ti ọkọ̀ tí wọ́n ń tún gbóná kó tó jáde, gbogbo rẹ̀ á ká mọ́ ìsàlẹ̀ títí oòrùn á fi mú ilẹ̀ gbóná, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Abẹ́òkúta sì kún fún àfonífojì. Mo gun Òkè Olúmọ lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù náà láti fojú rí i: èéfín tẹ́ lórí àwọn páànù tó ti dípẹtà bí aṣọ òkú, àwa tó wà lókè sì ń mí fẹ́rẹ́. Àwọn Ẹ̀gbá ìgbàanì sá wá sábẹ́ òkúta nítorí ogun. Lọ́jọ́ yẹn, orí òkúta ló yẹ ká sá sí.

Títí di ibí yìí, mo rò pé mo ti mọ ọ̀ràn náà tán. Ìgbà náà ni ọjọ́ kan wá tó ba ìdúró mi jẹ́. Ìṣẹ́gun kan lẹ́yìn Kérésì, a wà ní Ìbàrà, ó fẹ́ ọ̀pá náà kí a tó gbéra: 345. A kò tíì sáré ìgbésẹ̀ kan. Lẹ́yìn eré, 300, ọ̀já tún ti dì í láyà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ọkọ̀ kankan kò kọjá. Mo bi í ní ohun tó ṣe lánàá. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó wá ní oníbàárà kan láti Èkó fẹ́ kó kó ọgbọ̀n yáàdì ní kíákíá, eruku ọyẹ́ sì pọ̀ níta, òun wá gbé ìkòkò aró wọ kọ́rídọ̀, òun rẹ aṣọ títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Èmi tí mo ti fẹ́ dá aró sílẹ̀ lómìnira wá rí i pé ó jẹ̀bi díẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.

A kó ìwé náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní oṣù kìíní. Dókítà tó gbà wá kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ka gbogbo nọ́mbà náà, ó sì bi í ní ìbéèrè kan tí èmi kò ronú kàn: ṣé ó máa ń mí fée fée nígbà èwe? Ìyá Bọ̀lá ní rárá. Ó sinmi díẹ̀, ó ní, “Àfi ìgbà tí mo wà ní pírámárì, màámi máa ń se àgbo fún mi lálẹ́. Wọ́n ní mo ti dàgbà kúrò nínú ẹ̀.” Wọ́n ní kó fẹ́ ẹ̀rọ tó tóbi ju tiwa lọ, wọ́n fún un ní salbutamol, oògùn tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́, fà símú, ó dúró ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó tún fẹ́ ẹ. Èémí rẹ̀ ṣí. Ikọ́ fée ni, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní ásímà. Dókítà ní iná náà wà lábẹ́ eérú látọjọ́ yìí, èéfín ló fẹ́ ẹ tó fi ràn.

Ó ṣàlàyé pé ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ní iṣan tó yí i ká. Lára ẹni tó ní ikọ́ fée, bí èéfín tàbí òórùn líle bá kàn án, iṣan yẹn á fún un, ara inú rẹ̀ á wú, ikun á dí i. Mo wo Ìyá Bọ̀lá. Ọ̀já tó sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sí ìwé tó ṣàpèjúwe rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Oògùn méjì tí wọ́n ń fà símú ni wọ́n fún un. Ọ̀kan ń tú iṣan náà sílẹ̀, ìkejì ń pa wíwú inú rẹ̀, ìyẹn sì ni dókítà tẹnu mọ́, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn wa kì í ra ju èyí tó ń tú àyà lọ, bẹ́ẹ̀ láti 2019 ni ìlànà àgbáyé lórí ikọ́ fée ti ní kí àgbàlagbà má ṣe gbára lé ìyẹn nìkan.

Mo bi dókítà bóyá kó fi eré sílẹ̀. Ó ní kí ló dé? Mo ti ka ohun méjì tó jẹ́ kí n mọ ìdáhùn kí n tó béèrè. Ní London, wọ́n ní kí 60 àgbàlagbà tó ní ikọ́ fée rìn fún wákàtí méjì ní Oxford Street, níbi tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì àti tasí dísẹ́ẹ̀lì ló ń kọjá nígbà náà. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n rin wákàtí méjì nínú Hyde Park tó wà nítòsí. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2007: agbára èémí wọn já wálẹ̀ dé 6.1 nínú ọgọ́rùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ títì, ohun tó já nínú pápá kò tó ìdajì ìyẹn. Ìrìn kan náà. Ìyẹn gan-an ni mo fi ọ̀pá oníke wá láàárín Pánṣẹ́kẹ́ àti Ìbàrà. Èkejì ni ìṣirò tí àwọn olùṣèwádìí kan ní Cambridge ṣe ní 2016, pé ní ìlú tí PM2.5 bá tilẹ̀ dé máíkírógíráàmù 100, ó máa gba wákàtí kan àbọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́ kí ìpalára èéfín tó ju àǹfààní eré lọ. Èyí kì í ṣe fún ẹni tí ikọ́ fée rẹ̀ kò tíì rí oògùn, ṣùgbọ́n ó tó láti pa ẹnu ẹni tó ń sọ pé ká jókòó sílé mọ́.

Ohun tí a ṣe kò ṣòro, àfi ọ̀rọ̀ ààbò. Èéfín títì máa ń dín kù púpọ̀ bí èèyàn bá ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi mítà 100 sí 300, nítorí náà jíáréè tó. Ṣùgbọ́n òkùnkùn wà níbẹ̀. A lọ bá àwọn mẹ́gáàdì òpópónà méjì, a fi ara wa hàn wọ́n, a ń fún wọn ní owó tíì lóṣooṣù, a sì sún aago dé mẹ́fà àbọ̀ kí ilẹ̀ lè mọ́. Aago mẹ́sàn-án ni mo fẹ́. Ọjà kò gbà. Ó ń rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó sáré, ó sì ń sá eré tó lè fi bá mi sọ̀rọ̀, kí imú lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnìkan nínú wa wọ ìbòmú aṣọ tó ṣẹ́kù láti ìgbà kòrónà. Mo sọ fún un pé ẹ̀rún tí mò ń sọ á gba inú ihò rẹ̀ kọjá bí ẹja kékeré nínú àwọ̀n ńlá. Ìkòkò aró padà sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé òórùn lọ sí ọ̀nà kejì.

Mo fẹ́ ọ̀pá náà fún ara mi lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí mo dá gba ọ̀nà àtijọ́. 520, lẹ́yìn náà 495. N kò húkọ́, n kò gbọ́ nǹkan kan lára. Mẹ́ta nínú àwọn mọ́kànlá ṣì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ní kò ṣe àwọn ní nǹkan kan. N kò lè bá wọn jiyàn lórí ohun tí wọn kò mọ̀ lára.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní oṣù kẹta. Ní Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, Ìyá Bọ̀lá sáré ìṣẹ́jú márùndínlógójì: 405, lẹ́yìn náà 390. Ó ní, “Kóòṣì, òjò ti fọ títì, ẹ jẹ́ ká padà sí Pánṣẹ́kẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà mi ti ń rí mi.” A fi àdéhùn sí i pé kó jẹ́ òwúrọ̀ tó bá tẹ̀lé òjò ńlá nìkan.

Nígbà tí mo lọ gba ọ̀pá oníke náà nílé rẹ̀ kí n lè dá a padà fún nọ́ọ̀sì, ìyá ọkọ rẹ̀ wà nídìí iná ẹja, èéfín bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Màmá ní àwọn náà fẹ́ fẹ́ nǹkan tí ìyàwó àwọn ń fẹ́ kiri yìí. Wọ́n nu ọwọ́, wọ́n fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń húkọ́ láàárín. Èyí tó ga jù jẹ́ 190. N kò dá ọ̀pá náà padà lọ́jọ́ yẹn.